Ẹ́jẹ́ńtì Tó Bá Mi Wálé, Tó Tún Bá Mi Wáyàwó

Ẹni tó bá sọ fún yín pé Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò jìnnà, ẹ má pè é ní òpùrọ́. Kò tíì wá ilé gbé níbẹ̀ ni. Ní ti ọkọ̀, ènìyàn lè ra àgbàdo sísun ní Ọ̀yọ́ kó ṣì máa gbóná lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá sọ̀ ní Tákíè, láàárín Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi kalẹ̀ nílùú yẹn títí di ọjọ́ tí mo fojú kan kọ́kọ́rọ́, irùngbọ̀n mi tó jẹ́ pé ewú díẹ̀díẹ̀ ló wà níbẹ̀ funfun tán pátá, funfun náà sú u, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú padà. Ẹ bi ẹni tó bá mọ̀ mí.

Fìlà ni mo ń rán. Ọjà Akẹ̀sán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin, ni ìsọ̀ mi wà láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí èmi fúnra mi. Ìwé mẹ́rin ni mo kà. Ìwé karùn-ún rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, ó gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé jáde. Ṣùgbọ́n orí ènìyàn, mo kà á, ó yé mi. Mo wọn orí ọkùnrin kan rí tó tóbi débi pé àárọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí okùn ìwọ̀n mi fi máa yí i ká padà sí ibi tí mo ti mú un, wọ́n ti ń pe ìrun Alásárì. Odindi aṣọ agbádá ló wọ inú fìlà ẹyọ kan.

Kí ló wá gbé irú èmi dé àjò lọ́jọ́ alẹ́? Ìyàwó ni. Fọlá ọmọ wa fẹ́ tíṣà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó bí ìbejì fún un. Ìyá rẹ̀ lọ wẹ̀ wọ́n. Ó ní bí wọ́n bá ti lè gbé ọrùn dúró, òun á padà. Wọ́n gbé ọrùn dúró. Wọ́n jókòó, wọ́n rá, wọ́n rìn, wọ́n ń sáré, wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń bú ara wọn, Ìyá Fọlá kò dé. Mo pè é.

"Bàbá Fọlá, àwọn ọmọ yìí ò jẹ́ kí n gbẹ́sẹ̀. Mo sì ti ń ta kajú díẹ̀díẹ̀ níwájú ilé. Ẹ̀yin ni kí ẹ máa bọ̀."

"Kí n máa bọ̀ níbo?"

"Níbí. Ṣé orí ò sí ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹ máa rán fìlà fún ni?"

Mo jókòó ti ọ̀rọ̀ yẹn. Ilé mi ní Ọ̀yọ́ dákẹ́ débi pé mo máa ń gbọ́ ìgbà tí ikán bá ń jẹun nínú àjà, mo sì lè sọ fún yín èyí tó ń jẹ àjẹkì nínú wọn. Ẹni tó bá ti bá obìnrin kan gbé títí tí ó fi mọ ìró bàtà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo ayé, ilé tí bàtà yẹn ò bá sí, ògiri lásán ni. Mo kó lọ.

Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò kúkú wọ̀ sílé ọkọ ọmọ mi. Háà! Ẹ̀yin náà! Bàbá ìyàwó kì í gbé sílé àna rẹ̀. Mo dán an wò ní ọjọ́ kan péré. Tíṣà, ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa, kò lè jókòó níbi tí mo bá jókòó sí. Bí mo bá wọlé, ó dìde. Bí mo bá jáde, ó dọ̀bálẹ̀. Ìdúró ló fi jẹun nínú kíṣìnì bí àlejò nínú ilé ara rẹ̀. Nígbà tí mo fi lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí mo bọ̀, tí mo tún lọ tí mo tún bọ̀, ṣòkòtò rẹ̀ ti lu níbi orúnkún. Èmi náà ò lè sín, mi ò lè bọ́ agbádá, mi ò lè sọ pé kí wọ́n bu ọbẹ̀ kún un. Ọjọ́ kejì, a jọ ń wo ara wa bí ẹni tí wọ́n dè mọ́ igi kan náà. Mo dì, mo jáde.

Làmídì ló gbà mí. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó ń ta fóòmù ìbùsùn ní Tákíè. Ó ní kí n máa gbé ẹ̀rọ mi sábẹ́ òrùlé ìsọ̀ òun lọ́sàn-án, kí n máa sùn láàárín ọjà òun bó bá di alẹ́. Ọlọ́run á san án fún un. Ṣùgbọ́n orí fóòmù tó wà fún títà ni mo ń sùn, tòun ti ọ̀rá lára rẹ̀. Bí mo bá yí padà, á máa dún bí ẹni ń jẹ gúgúrú. Èyí tí mo bá sì sùn lé mọ́jú, kó tó di ọ̀sán wọ́n ti tà á. Mo máa ń jókòó sídìí ẹ̀rọ mi, n ó máa wo ọkọ àti aya tuntun tí wọ́n ń so ibi tí ara mi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ mọ́ orí kẹ̀kẹ́ Márúwá, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín lọ. Mo ti mú ibùsùn gbóná fún ìdajì àwọn tọkọtaya ìlú yẹn, èmi fúnra mi ò ní ibùsùn.

Ìyá Fọlá wá wò mí níbẹ̀. Ó wo fóòmù ọ̀tún, ó wo ti òsì.

"Mi ò lè wá sùn nínú ọjà ọlọ́jà, Bàbá Fọlá."

"Èmi náà mọ̀. Mò ń wá ilé."

"Ẹ rí ilé ná. Ọjọ́ tí mo bá fojú kan kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín, ọjọ́ náà ni mò ń kó dé."

Ó padà sọ́dọ̀ ìbejì. Báyìí ni mo ṣe kó sọ́wọ́ àwọn ẹ́jẹ́ńtì.

Ní Ọ̀yọ́, wọn kì í wá ilé pẹ̀lú ẹ́jẹ́ńtì fún irú mi. N ó kàn sọ ọ́ lẹ́nu ní ìsọ̀ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń wá yàrá, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ẹnì kan á ti sọ pé, "Ṣé ọmọ Bàbá Onífìlà ni? Kó wá." Orúkọ bàbá ènìyàn ni ẹ́jẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n lájò, o lè pe orúkọ bàbá rẹ títí ahọ́n á fi bó, wọn á wò ọ́ bí ẹni ń polówó ọjà tí wọn ò jẹ. Wọ́n á ní kí o lọ bá ẹ́jẹ́ńtì. Ẹ́jẹ́ńtì sì pọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ju máńgòrò lọ. Ara igi máńgòrò gan-an ni wọ́n kan pátákó wọn mọ́.

Bí mo ṣe gbọ́n mọ ni mo fi yan àkọ́kọ́: mo yan èyí tí pátákó rẹ̀ tóbi jù. Àṣìṣe ni. Sọ́lú lorúkọ ọmọkùnrin náà, Under G ló fi ṣe ibùjókòó, níbi tí àwọn ọmọ yunifásítì ń gbé. Nígbà tí mo rí orí rẹ̀ ó yẹ kí n ti padà sílé. Orí kóńkó bí ọsàn. Mo bi ara mi pé orí tó kéré tó báyìí, ibo ló ń kó òtítọ́ pamọ́ sí? Ṣùgbọ́n ó ti gba owó kí n tó wo ilé.

Ó mú mi gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ sókè pátápátá, níbi tí orin ń ti abẹ́ ilẹ̀kùn gbogbo jáde. Ó ṣí yàrá kan.

"Dádì, yàrá rèé o. Gbogbo ẹ̀ ló wà nínú ẹ̀. Kíṣìnì wà, bàálùwẹ̀ wà."

"Kíṣìnì dà?"

"Ibi tí ẹ dúró sí yẹn."

"Bàálùwẹ̀ ńkọ́?"

"Tí ẹ bá kàn yíjú."

Mo bọ́ fìlà mi kí àyè lè wà fún àwa méjèèjì. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, àwọn ọmọbìnrin méjì kúnlẹ̀ kí mi, wọ́n ti ilé ire wá. Ọ̀kan ní, "Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé ẹ̀yin ni ọlọ́dẹ tuntun?" Sọ́lú rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àtẹ̀gùn.

Mo ní, "Ọmọ mi, ilé fún àgbà ni mo sọ. Èmi àti ìyá kan ni. Ilé tó ní fàráńdà tí mo lè gbé ẹ̀rọ sí, tí kò sì jìnnà sílé ọmọ mi."

"Ó wà, Dádì! Ó wà nílẹ̀! Ìtòsí Tákíè ni. Ẹ gùn ún."

A gun ọ̀kadà. A kọjá ilé, a kọjá ilé epo, a kọjá ibi tí ilé ti ń dín kù. A wọ oko kajú, a jáde nínú oko kajú, a wọ oko ẹ̀gẹ́. Àwọn màlúù kan dúró wò wá bí ará ìlú tí ń wo àlejò. Mo búra fún yín, èékánná mi gùn lórí ọ̀kadà yẹn.

"Sọ́lú, ṣé Ògbómọ̀ṣọ́ ṣì rèé?"

"Ògbómọ̀ṣọ́ tuntun ni, Dádì. Ìlú ń bọ̀ wá bá a."

"Nígbà tí ìlú bá fi máa bá a, èmi á ti lọ bá àwọn bàbá mi."

Ilé náà dúró láàárín pápá, ògiri rẹ̀ dára, fèrèsé rẹ̀ dára, kò sí òrùlé. Sọ́lú ní ìyẹn kò le, wọ́n máa kàn án. Àgbẹ̀ kan tó ń kọjá lọ pẹ̀lú àdá yà kí wa, ó ní, "Ẹ kú ìrìn o. Ẹ káàbọ̀ sí Ìkòyí-Ilé."

Mo wo Sọ́lú. Sọ́lú wo òkè, níbi tí òrùlé ì bá wà.

Lálẹ́ ọjọ́ náà Gàní pè mí láti Ọ̀yọ́. Ẹgbẹ́ mi ni, ìsọ̀ rẹ̀ ni ó tẹ̀lé tèmi ní Akẹ̀sán, ọdọọdún ni a fi ń jà lórí òjìji igi kan ṣoṣo.

"Ará òkè òkun! Ṣé àlàáfíà ni? Ṣé wọ́n ń gbọ́ Yorùbá wa níbẹ̀?"

"Wọ́n ń gbìyànjú."

"Ilé ńkọ́? Ṣé o ti rílé?"

Ẹ̀yin ò mọ Gàní. Tí n bá sọ pé mi ò rí, kó tó di òwúrọ̀ gbogbo Akẹ̀sán ni yóò gbọ́. Mo ní, "Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, Gàní. Yàrá pọ̀ níbẹ̀ débi pé mò ń ṣìnà. Lánàá, ilé ìdáná ni mo ń lọ, mo bá ara mi lójúde."

"Ìyá Fọlá ńkọ́? Gbé fóònù fún un kí n kí i."

Mo ní, "Ó wà nínú ọ̀kan nínú àwọn yàrá náà. Mi ò tíì rí i láti àárọ̀."

Gàní rẹ́rìn-ín, ó ní ayé ń jẹ́ ayé. Mo pa fóònù, mo yí padà, ọ̀rá fóòmù dún lábẹ́ mi. Ohun tó ń dun ènìyàn lájò kì í ṣe pé wọn ò mọ̀ ọ́n. Ó jẹ́ pé ó ní láti máa parọ́ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń lọ o, mi ò ní ṣàìmoore. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ènìyàn fi fìlà mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo tẹ̀lé e lẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà kí n lè máa wo ẹ̀yìn orí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n ń wá. Wọ́n ń pè mí ní Bàbá Ọ̀yọ́. Ní Ọ̀yọ́ kò sẹ́ni tó lè pè mí bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa ni bàbá Ọ̀yọ́ níbẹ̀. Inú mi dùn sí i, ó sì tún dùn mí. Orúkọ tí wọ́n fún ènìyàn lájò, ibi tí kò sí mọ́ ni wọ́n fi ń pè é.

Nígbà tó yá mo ní kí n padà sí ohun tí mo mọ̀. Mo ní orí ni n ó fi yan ẹ́jẹ́ńtì kejì. Bàbá kan wá rán fìlà, Bàbá Ìdáńdè. Ó ti wa ọkọ̀ rí, ojú ló ní kó fi sílẹ̀. Ọmọ Aládùúrà ni, ẹsẹ̀ lásán ló ń rìn lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo na okùn yí orí rẹ̀ ká: orí ńlá, ó tẹ́ rẹrẹ níwájú, kò ní kọ́lọ́fín. Mo ní irú orí yìí kò lè fi nǹkan pamọ́. Nígbà tó sọ pé òun ń bá àwọn ènìyàn wá ilé, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn.

Bàbá Ìdáńdè kò gba owó kankan kó tó mú mi lọ wo ilé. Ó kọ́kọ́ gbàdúrà, ó ní kí Ọlọ́run ṣíjú wa. Ó wá mú mi lọ sọ́dọ̀ onílé kan tí wọ́n ń pè ní Díákónì.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ilé yẹn! Yàrá méjì, òrùlé wà lórí wọn. Kànga wà lẹ́yìnkùlé. Fàráńdà kan wà níwájú, ìwọ̀n ẹ̀rọ mi gan-an, òjìji igi máńgòrò sì ń dà lé e láìjẹ́ pé mo bá ẹnikẹ́ni jà sí i. Téèyàn bá dúró síbẹ̀ tó wúkọ́, wọ́n á gbọ́ ọ nílé Fọlá. Mo wúkọ́ láti dán an wò. Mo ti rí ibi tí Ìyá Fọlá máa gbé ìkòkò omi rẹ̀ sí.

Díákónì jáde sí wa, àgbàlagbà tó mọ́ tónítóní, onítẹ̀bọmi láti ìdílé onítẹ̀bọmi, Bíbélì kékeré wà lápò ẹ̀wù rẹ̀. Ó ní kí n jókòó. Ó fún mi lómi. Ó ní, "Ìyàwó ńkọ́?"

"Ó wà, sà."

"Níbo ló wà?"

"Ọ̀dọ̀ ọmọ wa ló wà, ó ń tọ́jú ìbejì."

"Ẹ mú un wá kí n rí i. Mi ò kí ń fún ọkùnrin tó dá wà nílé, ọ̀dọ́ ni o, àgbà ni o. Àgbà tó gbé ibẹ̀ kẹ́yìn ní ìyàwó òun wà lókè ọ̀hún. Ìyàwó tó wà lókè ọ̀hún, mẹ́ta ni wọ́n, wọ́n sì pàdé nídìí kànga yìí lọ́jọ́ kan. Ọmọ odó mi tí wọ́n fi jà, mi ò tíì rí i títí dòní. Èkejì, bí àgbà tó dá wà bá kú sínú yàrá, ta ni n ó ké sí?"

"Sà, mi ò tíì fẹ́ kú."

"Gbogbo wọn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀."

Mo sáré pe Ìyá Fọlá.

"Ẹ ti rílé?"

"Mo ti rí i tán, ó kù kí o wá ni."

"Kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ yín?"

"Wọ́n ní bí o bá ti wá báyìí..."

"Bàbá Fọlá, mo mọ̀ yín. Ẹnu yín ti kọ́lé púpọ̀. Mo ti kó ẹrù nítorí ẹnu yín rí, a gbé ẹrù dé ibi tí ẹ pè ní ilé, igi ìrókò la bá níbẹ̀. Gàní pè mí lánàá, ó ní ṣé mo ti rí ọ̀nà jáde nínú yàrá. Yàrá wo? Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ hàn mí."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ wo nǹkan! Onílé ní àfi bí òun bá rí ìyàwó kí òun tó yọ kọ́kọ́rọ́; ìyàwó ní àfi bí òun bá rí kọ́kọ́rọ́ kí òun tó yọjú. Èmi wà láàárín wọn bí abẹ́rẹ́ tí kò ní ojú. Òjò sì ti ń kùn lókè, ẹlòmíràn sì ti wá wo ilé náà lẹ́ẹ̀mejì. Inú bí mi débi pé mo rán apá fìlà kan mọ́ ṣòkòtò ara mi.

Bàbá Ìdáńdè fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó mi orí ńlá rẹ̀. "Bàbá Ọ̀yọ́, ẹ má jẹ́ kí èyí kó ìdààmú bá yín. A ní màmá kan."

"Màmá báwo?"

"Tó máa ń bá wa ṣe ìyàwó. Kò ní pẹ́. Á bá yín lọ, á kúnlẹ̀, onílé á rí i, ó parí. Ó mọ ìgbà tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ó sì mọ ìgbà tí wọ́n ń dákẹ́."

"Ìyàwó tó mọ ìgbà tí wọ́n ń dákẹ́! Mo ti ń gbé pẹ̀lú obìnrin láti kékeré mi, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí."

Mo mọ̀ pé kò dáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí omi ń gbé lọ kì í bi ejò bóyá ejò ni. Mo gbà.

Màmá náà kúrú, ojú rẹ̀ tutù, ó wé gèlè bí ẹni tó ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́. Bí a ṣe ń lọ lọ́nà, ó rọra súnmọ́ mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ àkọ́bí wa?"

"Fọlá."

"Ṣé ó ti lọ́kọ?"

"Ó ti bí ìbejì."

"Háà! Ẹ kú oríire wa o!" Ó dùn mọ́ ọn lóòótọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Díákónì bá wa ní fàráńdà. Màmá kúnlẹ̀, ìkúnlẹ̀ tó dára. Díákónì wò ó. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí ẹ̀wù nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà, ó tún wò ó.

"Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá yẹn ńkọ́, èyí tí ẹ bá wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn?"

Màmá mọ ìgbà tí wọ́n ń dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gbàgbé ní ọjọ́ yìí. Ó ní, "Ó ti ṣaláìsí, sà."

"Ó mà ṣe o. Ti gíga tó tẹ̀lé e ńkọ́? Èyí tí ẹ ní ẹ̀yin àtàwọn ọmọ máa gbé?"

"Ìyẹn náà, sà."

Díákónì yíjú sí mi, àánú mi ń ṣe é. "Bàbá, ẹ sá o. Ẹ̀yin ni ẹ ṣẹ́kù."

Mo wo Bàbá Ìdáńdè. Ó ti di ojú, ó ń gbàdúrà. Mo rí i pé orí tí kò ní kọ́lọ́fín, ìdí tí kò fi ní i ni pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀ láti fi pamọ́. Wọ́n máa ń sọ pé bí ọkọ àti ìyàwó bá mọjú ara wọn tán, alárinà á yẹ̀bá. Alárinà tèmi yẹ̀bá kí n tó mọ ojú ẹnikẹ́ni: kí n tó gbójú sókè, ó ti dé títì.

Ẹ̀rín ni Díákónì fi lé wa jáde, ẹ̀rín náà ló sì pa mí lára. Ó gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó sọ ọ́ fún àwọn àgbà ìjọ pé bàbá onífìlà kan láti Ọ̀yọ́ fẹ́ẹ́ kú sọ́wọ́ ìyàwó àyálò. Ta ló jókòó lẹ́yìn wọn? Tíṣà, ọkọ ọmọ mi. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa kì í purọ́. Nígbà tí ìyá ìyàwó rẹ̀ bi í pé kí ló dé tí kò lè wo ojú òun nídìí oúnjẹ, ó dọ̀bálẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ láti ìdọ̀bálẹ̀.

Fóònù mi dún.

"Bàbá Fọlá, ẹ kú oríire." Ẹ̀yin tí ẹ bá láyà, ẹ bẹ̀rù obìnrin Ọ̀yọ́ tó bá ń kí yín dáadáa. "Mo gbọ́ pé ẹ gbéyàwó. Mo gbọ́ pé ó mọ̀ ọ́n kúnlẹ̀."

"Ìyá Fọlá, jẹ́ kí n ṣàlàyé..."

"Ilé yẹn, níbo ló wà?"

"Kì í ṣe ohun tí o..."

"Ilé ni mo bèèrè, Bàbá Fọlá. Mi ò bèèrè ẹnu."

Mo sọ ibẹ̀ fún un. Mo ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀, mo sáré. Mi ò sáré bẹ́ẹ̀ rí. Mo kọjá ọ̀kadà méjì, ọ̀kan nínú wọn bẹ̀ mí pé kí n gbé òun. Síbẹ̀ Ìyá Fọlá ti dé ibẹ̀ kí n tó dé. Ìbejì kan wà lẹ́yìn rẹ̀, èkejì di ìró rẹ̀ mú. Díákónì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ta nìyí tún ni?"

Ojú mi ni Ìyá Fọlá ń wò.

"Ẹ wá lọ yá ìyàwó! Èmi tí mo wà láàyè, ẹ lọ yá ìyàwó bí ẹní yá àga! Kí ló mọ̀ nípa yín? Ṣé ó mọ̀ pé ẹ máa ń hanrun títí àwọn aládùúgbò fi máa ń rò pé a ra ẹ̀rọ iná? Ṣé ó mọ̀ pé ẹ kì í jẹ ilá lálẹ́? Ọjọ́ tí ibà gbé yín ṣánlẹ̀ tí ẹ ń pe orúkọ ìyá yín, ṣé òun ló fi omi nu yín lójú? Ẹni tó mú gèlè ìgbéyàwó mi, tó gé e fi rán fìlà fún òyìnbó kan tí kò tíì dé dòní! Mo dákẹ́! Ẹ sọ fún mi pé ẹ ra ilẹ̀, mo gbé ẹrù lọ bá igi ìrókò! Mo dákẹ́! Mo ní kí ẹ wá bá mi, ilé kan péré ni mo bèèrè, kọ́kọ́rọ́ kan péré, ẹ lọ fi Fọlá mi tí mo fi ikú bí fún ẹlòmíràn láti máa pè ní ọmọ!"

Ibi ọ̀rọ̀ Fọlá yìí ni ohùn rẹ̀ ti ya. Ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, Ìyá Fọlá ń gbọ̀n ọ́n, ó ń bú mi, ó ń rẹ ọmọ lẹ́kún, ó tún ń bú mi. Èmi tí mo lè sọ̀rọ̀ títí màlúù á fi rẹ́rìn-ín, mo dúró bí ẹni tí wọ́n gé ahọ́n rẹ̀ fi rán fìlà.

Díákónì ti fa àga jáde ní tirẹ̀, ó ti jókòó. Ó ń gbọ́ bí ẹni tó wà níbi ìwàásù. Nígbà tí Ìyá Fọlá dúró mí, Díákónì dìde, ó wọlé, ó jáde pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́.

Ó ní, "Èyí kì í ṣe àyálò. Kò sí ẹ́jẹ́ńtì tó lè kọ́ ènìyàn ní èyí." Ó rìn kọjá níwájú mi bí ẹni pé igi máńgòrò ni mí, ó sì nà án sí Ìyá Fọlá. "Màmá, ẹ̀yin ni mo fún nílé."

Ìyá Fọlá wo kọ́kọ́rọ́ náà. Omijé ṣì wà lójú rẹ̀. Ó gbà á, kò tiẹ̀ dúpẹ́, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó wọlé. A gbọ́ tí ó ń gbá ògiri. A gbọ́ tí ó ń ṣí fèrèsé. Nígbà tó jáde, ohùn rẹ̀ ti di ohùn ọjà.

"Bàbá, àjà yàrá kejì yìí ń jò. Ẹ ti kun ún lọ́dà kí wọ́n má baà rí i."

Díákónì fọwọ́ kan Bíbélì àpò rẹ̀. "Màmá, ó ń jò díẹ̀."

"Ẹ máa tún un ṣe kí òjò tó dé. A ó sì fẹ́ okùn tuntun sí kànga yẹn."

"A ó ṣe é."

Gbogbo àkókò yìí, Bàbá Ìdáńdè ti padà dé, ó fi orí ńlá rẹ̀ yọ láti ẹ̀yìn igi, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní kí n má gbàgbé kọmíṣàn òun, pé òun kúkú ló mú màmá àkọ́kọ́ wá, màmá àkọ́kọ́ ló sì mú màmá yìí wá. Bí ènìyàn bá ṣí irú ẹnu bẹ́ẹ̀ sí ẹ lájò, kí lo máa fi dá a lóhùn? Mo fi ọwọ́ lé e padà sí títì.

Díákónì wọlé. Ó ku àwa méjì àti ìbejì ní fàráńdà. Ìyá Fọlá ti ilẹ̀kùn padà, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró rẹ̀, ó so ó le koko, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn.

Mo ní, "Ìyá Fọlá, kí n lọ gbé ẹ̀rọ mi wá?"

"Wá síbo?"

"Sí ilé wa."

"Tíṣà ti sọ fún mi pé bàbá yìí kì í fún ọkùnrin tó dá wà nílé, mo sì gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi pé èmi ni wọ́n fún." Ọ̀nà ló ń wò, kò wo ojú mi. "Ẹ lọ mú ìyàwó yín wá kí n rí i."

Mo bọ́ fìlà mi.

"Òun ló jókòó yìí."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

Orúkọ tí mo fi ń pè é ní ìgbà tí Fọlá ò tíì dé láyé ni mo pè. Ó ti pẹ́ tí mo pè é kẹ́yìn. Ó dún bí ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí láti ọjọ́ pípẹ́.

"Àbẹ̀kẹ́."

Ó tún ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pọ̀n, ó pẹ́ lórí rẹ̀.

"Ẹ tún un pè," ló wí, "kí n mọ̀ pé kì í ṣe àyálò."

Mo tún un pè.